Sogúndogójì, Kọ̀ǹpútà àti Iye Ènìyàn Tí Ó Wà Ní Ọ̀jọ́

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwọn àgbà ni wọ́n wí bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe àìmọ ìṣirò ni ó mú wọn wí i. Ẹni tí ó ń fi igba, ẹgbàá àti ọ̀kẹ́ ṣírò owó ẹyọ láìfi ọwọ́ kan tákàdá kì í ṣe ẹni tí kíkà lè bà lẹ́rù. Ohun tí òwe náà ń tọ́ka sí ni pé ènìyàn kì í ṣe owó ẹyọ, àti pé ẹni tí yóò bá kà á ní láti mọ ohun tí òun fẹ́ fi iye náà ṣe. Ní òde òní, òwe yìí ti bọ́ sí ibi tí àwọn tí ó kọ́kọ́ pa á kò lè ronú dé. Nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú iye ènìyàn tí ìjọba, ilé-ìwé àti ìwé ìròyìn ń lò ni ẹnikẹ́ni kò kà rárá. Kọ̀ǹpútà ni ó ṣírò wọn.

Kí ẹnikẹ́ni dúró ní Ìyànà-Ìbà ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, níbi tí ọ̀nà Ìbà ti yà kúrò lára ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Yóò rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn oníṣòwò tí ń wá ọkọ̀ Ọjà Àlàbá, àti àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti Òkókómáíkò bọ̀ tí wọ́n ń sáré lọ sí àárín ìlú. Bí ó bá béèrè iye ènìyàn tí ń gbé ní gbogbo agbègbè Ọ̀jọ́ yìí, a óò fún un ní èsì, èsì náà sì lè pé títí dé orí ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó jẹ́ pé ọdún 2006 ni a ti ka àwọn ará ibẹ̀ kẹ́yìn nínú ìkànìyàn gbogbo orílẹ̀-èdè. Ohun tí ó bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ iye tí a ń gbọ́ lẹ́yìn ìgbà náà kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ, tí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń kọ báyìí: exp. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ ìtàn lẹ́tà mẹ́ta yìí, nítorí pé ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ kò ṣe àjèjì sí èdè Yorùbá, àti nítorí pé òun ni ó ti gba ipò akànìyàn láàárín wa.

Èlé orí èlé

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe fún olówó ni èlé owó náà. Iṣẹ́ náà kò dín gbèsè kù, ṣùgbọ́n gbèsè náà kò sì pọ̀ sí i. Bí ó tilẹ̀ pẹ́ ọdún mẹ́wàá, iye tí a yá ni iye tí a óò san. Ìyà wà nínú ìwọ̀fà, ṣùgbọ́n ojú owó kò bí ọmọ.

Sogúndogójì yàtọ̀ sí èyí. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ohun tí ó jẹ́: ó ń sọ ogún di ogójì. Ẹni tí ó yá ogún yóò san ogójì. Bí kò bá rí i san, tí olówó sì ka ogójì náà sí owó tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yá, yóò di 80, lẹ́yìn náà yóò di 160, lẹ́yìn náà yóò di 320. Bí ó bá yí báyìí ní ìgbà mẹ́wàá, ogún ẹyọ owó yóò ti di 20,480, èyí tí ó ju ọ̀kẹ́ kan gbáko lọ. Kì í ṣe pé olówó fi ohun kan kún un. Èlé ni ó ń bí èlé. Nínú irú ìdàgbà báyìí, bí ohun náà bá ti pọ̀ tó ni yóò ṣe máa yára pọ̀ sí i tó. Èyí ni gbòǹgbò ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní exponential function.

Ní ọdún 1683, Jacob Bernoulli, ọmọ ìlú Basel ní ilẹ̀ Switzerland, gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tí ó jẹ́ ìbéèrè sogúndogójì gan-an. Bí èlé owó bá jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú ojú owó lọ́dún, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a kò bá dúró di ìparí ọdún kí a tó ka èlé mọ́ owó? Bí a bá kà á ní ẹ̀ẹ̀kan, ogún di ogójì. Bí a bá pín èlé náà sí méjì tí a sì kà á ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ogún di ọgbọ̀n, ọgbọ̀n di 45. Bí a bá kà á ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, yóò di 48.83; bí a bá kà á lóṣooṣù, 52.26, bí a bá kà á lójoojúmọ́, 54.29. Ẹni tí ó bá ń wo bí owó yìí ti ń gòkè lè rò pé kò ní dúró, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó ń dúró. Bí a tilẹ̀ ń ka èlé ní gbogbo ìṣẹ́jú àti ní gbogbo ìpajú, ogún náà kò lè kọjá 54.37 láàárín ọdún kan. Èyí ni pé owó náà yóò fi bíi ìlọ́po 2.718 pọ̀ sí i, kò sì ní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Leonhard Euler, tí òun náà jẹ́ ọmọ Basel, ni ó sọ nọ́mbà yìí ní e, tí ó sì fi hàn nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1748 bí a ti lè fi ìròpọ̀ lásán ṣírò agbára rẹ̀: a óò mú 1, a óò fi x kún un, a óò fi ìdajì x ní ìlọ́po ara rẹ̀ kún un, a óò sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, tí ìdá kọ̀ọ̀kan yóò máa kéré sí i títí yóò fi di ohun tí kò tó nǹkan. Exp(x) kò ju èyí lọ. Bí x bá jẹ́ ìwọ̀n ìbísí ọdún kan tí a fi iye ọdún sọ di púpọ̀, exp yóò sọ iye ìlọ́po tí ohun tí ń bí sí i yóò dà.

Bí ó ṣe wọ inú kọ̀ǹpútà

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, ìwé tábìlì ni àwọn oníṣirò ń lò. John Napier ará ilẹ̀ Scotland ni ó gbé tábìlì lọ́gáríọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ jáde ní 1614, irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ní ilẹ̀ yìí sì há mọ́ abíyá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1957, John Backus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé èdè kan tí a ń pè ní FORTRAN jáde, kí ènìyàn lè máa bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà tí ó sún mọ́ bí a ti ń kọ ìṣirò sórí ìwé. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó fẹ́ kí ohun kan bí sí i kò nílò láti ṣí ìwé tábìlì mọ́. BASIC, tí John Kemeny àti Thomas Kurtz dá sílẹ̀ ní 1964 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, ní EXP nínú. Ó wà nínú èdè C tí Dennis Ritchie ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ó sì wà nínú Python, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1991, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ iṣẹ́ lónìí. Èdè ń yí padà, lẹ́tà mẹ́ta náà kò yí.

Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà ṣe iṣẹ́ yìí yóò pa ẹni tí ó mọ sogúndogójì lẹ́rìn-ín. Kọ̀ǹpútà kò mọ ju òdo àti ení lọ, kò sì sí ohun tí ó rọrùn fún un bí ìlọ́po méjì. Nítorí náà, bí a bá ní kí ó wá exp(5), ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni iye ìgbà tí ogún yóò di ogójì nínú rẹ̀. Ìlọ́po méjì kan gba 0.693, ó lọ nínú 5 ní ìgbà méje, ó sì ṣẹ́ ku bíi 0.148. Èyí tí ó ṣẹ́ kù yìí nìkan ni yóò fi irú ìròpọ̀ ti Euler ṣírò, tí yóò sì rí 1.1595. Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ní ìgbà méje, tí í ṣe ìlọ́po 128, èsì rẹ̀ yóò sì jẹ́ 148.4.

Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ tí ó yára ni kọ̀ǹpútà, kì í ṣe olùgbìmọ̀. Bí olùkọ ètò bá fẹ́ kọ ìdá 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ó sì kọ 3.2 dípò 0.032, kọ̀ǹpútà kò ní rojọ́. Yóò ṣírò iye ènìyàn tí ayé mẹ́wàá kò lè gbà, yóò sì tẹ̀ ẹ́ jáde bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe. Ìgbà tí x bá tó 710, nínú ìlànà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, ni nọ́mbà yóò tó kún àpótí rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, tí ẹ̀rọ yóò sì kígbe. Àṣìṣe tí ó kéré ju èyí lọ, ẹnu ènìyàn ni a ti gbọ́dọ̀ gbọ́ igbe rẹ̀.

Ìkànìyàn àti kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà

Ìkànìyàn gan-an ni ó mú kọ̀ǹpútà wọ Nàìjíríà. Ní 1963 ni a gbé èyí àkọ́kọ́ kalẹ̀, nítorí iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ àbájáde ìkànìyàn 1962 àti 1963. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni yóò ti rò pé ẹ̀rọ tí a rà láti ran kíkà lọ́wọ́ yóò wá di arọ́pò kíkà.

Ìtàn kíkà náà kò sì dán mọ́rán. Àríyànjiyàn fọ́ èyí tí a ṣe ní 1962, wọ́n sì pa á tì. Èyí tí a ṣe ní 1963 fún wa ní bíi mílíọ̀nù 55.7, ṣùgbọ́n ìjà ìṣèlú kò jẹ́ kí gbogbo ẹkùn gbà á tinútinú. Ti 1973 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 80, ìjọba ológun tí ó dé ní 1975 sì fagi lé e. Nítorí náà, fún ọdún 28, láti 1963 sí 1991, orí iye 1963 ni gbogbo oníṣirò dúró sí, tí wọ́n ń ka èlé orí èlé lé e.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí bí. Bí a bá mú mílíọ̀nù 55.7, tí a sì fún un ní ìwọ̀n ìbísí tí kò pọ̀, ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, x yóò jẹ́ 0.025 lọ́nà 28, tí í ṣe 0.7. Exp(0.7) fi díẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ, ogún ti di ogójì nìyẹn. Èsì rẹ̀ ni bíi mílíọ̀nù 112. Ọ̀pọ̀ àjọ àgbáyé náà sì ti gbà pé àwọn ará Nàìjíríà ti ju mílíọ̀nù 100 lọ dáadáa. Ní oṣù kọkànlá 1991 ni a jáde lọ kà wọ́n, tí a sì bá 88,992,220. Ju mílíọ̀nù 20 ènìyàn lọ ni ó wà nínú ìṣirò tí kò sí nínú ilé. A lè jiyàn bóyá ti 1963 ni ó pọ̀ jù tàbí ti 1991 ni ó kéré jù, ṣùgbọ́n ohun kan kò ṣeé jiyàn: exp kò mọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́. Bí ojú owó bá ní àbùkù, àbùkù náà ni yóò máa bí èlé.

Ní oṣù kẹta 2006 ni a tún kà, a sì rí 140,431,790. Èyí ni ìkànìyàn ìkẹyìn tí a ṣe parí kí ètò 2023 tó dé. Oṣù kẹta ni a kọ́kọ́ fi ti 2023 sí, a sún un sí oṣù karùn-ún, ní ìparí oṣù kẹrin ni ìjọba tún sún un síwájú láìdá ọjọ́. Láàárín gbogbo àkókò yìí, iye ènìyàn ń jáde lọ́wọ́ ìjọba. Fún 2016, iye tí a gbé jáde fún gbogbo Nàìjíríà ni 193,392,517. Ó dún létí bí iye tí a kà ní ojúlé-ojúlé. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kí ó sì kọ ìlà méjì yìí:

import math
print(140431790 * math.exp(0.032 * 10))

Èsì tí yóò rí ni 193392517, láìyẹ̀ ẹyọ kan. Kí ó mú iye tí a fún Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2006, èyí tí í ṣe 9,113,605, kí ó sì ṣe bákan náà fún un. Yóò rí 12,550,598, iye kan náà tí ó wà nínú ìwé ìjọba fún Èkó ní 2016. Kò sí ẹ̀tàn nínú èyí. Àwọn tí ó ṣe é kò pè é ní ìkànìyàn. Ìfojúdíwọ̀n ni wọ́n pè é. Àwa tí a ń kà á ni a gbàgbé, nítorí pé nọ́mbà mẹ́sàn-án tí ó tò tẹ̀léra máa ń jọ òtítọ́ lójú ju nọ́mbà tí a gé kúrú lọ.

Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò

Ìgbà tí a bá wá sọ̀kalẹ̀ láti orí orílẹ̀-èdè sí orí ìlú kan ni ọ̀rọ̀ náà yóò kan ara. Ìlú Àwórì ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà, wọ́n sì ti wà kí Èkó tó gbòòrò dé ọ̀dọ̀ wọn. Kì í ṣe ọmọ bíbí nìkan ni ó sọ wọ́n di ohun tí wọ́n dà. Ní 1975, ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà Àgbádárìgì. Ní 1983, a dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́. Ọjà Àlàbá sì di ibi tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń wá ra rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó wá iṣẹ́, ẹni tí ó wá ẹ̀kọ́ àti ẹni tí ó wá ọjà, gbogbo wọn ni wọ́n nílò ibi tí wọn yóò sùn. Irú ìdàgbà báyìí kì í tẹ̀lé ìlà tí ó gún.

Èkó àtijọ́ ti fi èyí hàn. Láàárín ìkànìyàn 1952 àti ti 1963, iye àwọn ará ìlú Èkó kúrò ní 267,407, ó di 665,246. Ìbísí ìdá 8.3 lọ́dún ni èyí. Ogún ń di ogójì láàárín ọdún mẹ́jọ àti oṣù díẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti fi exp fa ìwọ̀n yìí gùn títí dé 2006, ìbá rí ju mílíọ̀nù 23 lọ láàárín ààlà ìlú àtijọ́ náà nìkan, nígbà tí gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó lápapọ̀ kò ju mílíọ̀nù 9.1 lọ nínú ìkànìyàn ọdún náà. Ilẹ̀ ti tán, owó ilé ti wọ́n, àwọn ènìyàn sì ti ń ya lọ sí ẹ̀yìn ìlú, Ọ̀jọ́ sì wà lára ibi tí wọ́n yà sí. Pierre Verhulst ará Belgium ti kìlọ̀ èyí láti 1838, nígbà tí ó fi hàn pé ìbísí gbọ́dọ̀ máa rọra bí àyè bá ti ń kún. Exp nìkan kò mọ àyè. Bí ó ti ń gòkè ní ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò máa gòkè títí láé.

Ìkànìyàn 2006 fún ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ ní bíi 600,000 ènìyàn. Bí olùkọ ètò bá fún un ní ìdá 3.2 lọ́dún, tí ó sì fi exp ṣírò rẹ̀ dé 2026, yóò rí bíi 1,138,000. Bí ó bá rò pé èrò tí ń wọ̀lú pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì lo ìdá 4, yóò rí bíi 1,335,000. Bí ó bá lo ìdá 5, yóò rí bíi 1,631,000. Láàárín èyí àkọ́kọ́ àti èyí ìkẹyìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn tí nọ́mbà kan ṣoṣo lè mú wá tàbí kí ó mú lọ. Àní bí wọ́n tilẹ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí ìdá 3.2, ẹni tí ó ka èlé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún yóò rí èsì tí ó fi ju 11,000 kéré sí ti ẹni tí ó lo exp, tí í ka èlé ní gbogbo ìpajú. Ọmọ ilé-ìwé tí ó tó 11,000 kì í ṣe ohun tí a lè fi ẹsẹ̀ gbá sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ ju ìwọ̀n ìbísí lọ. Lẹ́yìn ìkànìyàn 2006, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò gba iye tí a fún un. Ó ní kíkà tirẹ̀ bá 17,552,942 ènìyàn. Bí a bá fi ojú owó méjèèjì yìí sínú ètò kan náà, pẹ̀lú ìwọ̀n ìbísí kan náà, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kò ní dín kù láéláé; yóò máa gbòòrò ni, bí èlé ti ń gun orí èlé. Lórí irú iye báyìí ni a sì ń gbé ètò ńláńlá lé. Ọ̀nà rélùwéè aláwọ̀ búlúù, tí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ láti Marina dé Máìlì Tuu bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án 2023, Òkókómáíkò ni a fi ṣe òpin rẹ̀ nínú ètò. Iye èrò tí yóò máa dúró dè é níbẹ̀, iye ibùsùn tí ilé ìwòsàn nílò, àti iye yàrá tí ilé-ìwé Ìbà yẹ kí ó ní, ọ̀dọ̀ lẹ́tà mẹ́ta yìí ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá.

A kò gbọ́dọ̀ dá exp lẹ́bi. Kò parọ́ rí. Ohun tí a bá fi lé e lọ́wọ́ ni ó ń mú dàgbà, bí olówó sogúndogójì ti í ṣe, láìbéèrè bóyá gbèsè náà tọ́ tàbí kò tọ́. Kò sì sí orílẹ̀-èdè tí kò lò ó, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè jáde lọ ka ènìyàn lójoojúmọ́. Àwọn tí ó mọ bí a ti ń lò ó máa ń padà lọ kà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí wọ́n lè bọ́ èlé tí kò tọ́ kúrò lórí ojú owó. Ogún ọdún láìkà jẹ́ ogún ọdún tí àṣìṣe fi ń bí ọmọ.

Nítorí náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ń kọ́ ètò kọ̀ǹpútà ní yàrá ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀jọ́ ní iṣẹ́ méjì tí ó yẹ kí ó mọ̀. Èkíní ni bí a ti ń kọ exp, èyí kò sì gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Èkejì ni kí ó máa béèrè ibi tí nọ́mbà tí ó fi sínú àkámọ́ ti wá, ta ni ó kà á, àti ní ọdún wo. Òwe àwọn àgbà kò tíì kú: a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí kò bá sì sí bí a ṣe lè ṣe é kí a má kà, kí a kúkú fi ọwọ́ ara wa kà á, nítorí pé àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.